Dáyámọ́ǹdì ní gbàǹjo: ohun tí wọ́n ń kà mọ́ owó àti ohun tí wọn kì í kà

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ góòlù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, l'Óṣogbo, nígbà tí ìyá kan wọlé. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú bébà kékeré kan jáde, òrùka sì wà nínú rẹ̀. Òrùka ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ni. Àlàájà tó ti kú yẹn fúnra rẹ̀ ló rà á bọ̀ láti Mẹ́kà nígbà tó lọ ṣe Háájì. Òkúta funfun kan ń dán láàrin rẹ̀, àwọn kéékèèké sì yí i ká. Ìyá náà ti gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ta òkúta kan ní gbàǹjo lókè òkun ní iye owó tó lè kọ́ odidi àdúgbò kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Ṣé dáyámọ́ǹdì kọ́ nìyí?"

Bàbá fi gíláàsì kékeré sójú, ó yí òrùka náà síwá sẹ́yìn. Ó fi ha òkúta dúdú tó ń lò, ó kán ásíìdì sójú ibi tó ha, ó sì gbé e lé òṣùwọ̀n. Ó lé díẹ̀ ní gíráàmù mẹ́rin. Ó yọ ìwọ̀n òkúta kúrò lórí, ó wá pe iye tí góòlù náà tó. Ó ní, "Màmá, góòlù ni mo máa ń rà. Òkúta ò sí nínú ìṣirò mi."

Ìyá náà wò ó títí. Ó ní, "Èyí tó ń dán jù lọ lẹ ò kà?"

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, nítorí pé òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ dáyámọ́ǹdì tí gbogbo ayé ń sọ. Níbì kan, òkúta ni gbogbo owó, góòlù tó gbé e dúró kò já mọ́ nǹkan kan. Níbòmíràn, wọ́n á yọ òkúta sọnù bí èèpo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ gbàǹjo fúnra rẹ̀. Lẹ́nu tiwa, ohun tó bá dé gbàǹjo ti di pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá gba ọjà Ìgbọ̀nà kọjá lọ́jọ́ tí àwọn olókìrìkà ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báálì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ké e. Ṣùgbọ́n pọ́ọ́kú kọ́ ni gbàǹjo. Gbàǹjo ni kí a gbé ọjà sí gbangba, kí ẹni tó bá dá owó tó ga jù lé e gbé e lọ. Bí ó bá jẹ́ aga ìjókòó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onígbèsè ni, owó á wálẹ̀, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni du ú. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ẹyọ kan péré wà ní ayé, tí olówó méjì sì ti búra lọ́kàn pé àwọn ni yóò gbé e, owó ò ní mọ ibi tí yóò dúró. Ẹ fi ọkàn sí i pé olówó méjì ni mo sọ. Ẹnì kan kò lè gbé owó ga ní gbàǹjo, bó ti wù kó lówó tó. Ẹnì kejì tí kò fẹ́ gbà ló ń gbé e ga.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, olówó Hong Kong kan, Joseph Lau, ra òkúta aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan ní Geneva ní mílíọ̀nù 28.5 dọ́là. Ní ọjọ́ kejì, ní ilé gbàǹjo mìíràn nínú ìlú kan náà, ó tún ra òkúta aláwọ̀ sánmà tó wọn kárátì 12.03, ní mílíọ̀nù 48.5 dọ́là. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méje, ló rà á fún, ó sì fi orúkọ ọmọ náà, Josephine, pe òkúta méjèèjì.

Ilé méjì ló gba iwájú nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n dá Sotheby's sílẹ̀ ní London ní 1744, Christie's sì tẹ̀ lé e níbẹ̀ ní 1766. Geneva, Hong Kong àti New York ni wọ́n ti sábà máa ń ta òkúta ńláńlá báyìí. Kí ọjọ́ ọjà tó pé, wọ́n á tẹ ìwé tí àwòrán àti ìtàn ọjà kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye tí wọ́n rò pé yóò pa. Wọ́n á gbé òkúta náà káàkiri ìlú olówó, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè fi sí ìka wò. Iye kan tún wà tí ilé gbàǹjo àti ẹni tó ni ọjà jọ mọ̀, tí wọn kì í sọ síta. Bí owó kò bá dé ibẹ̀, wọn ò ní tà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí Lesedi La Rona, òkúta kárátì 1,109 tí wọ́n wà ní Karowe, ní Botswana, ní 2015. Wọ́n gbé e dé gbàǹjo ní London ní oṣù kẹfà ọdún 2016, owó kò dé ibi tí wọ́n fojú sí, wọ́n sì gbé e padà sílé. Ní 2017, Laurence Graff, oníṣòwò dáyámọ́ǹdì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, rà á ní ìdákọ́ńkọ́ ní mílíọ̀nù 53 dọ́là.

Nígbà tí òòlù bá lu tábìlì, iye tí wọ́n pè yẹn kọ́ ni olùrà yóò san. Ilé gbàǹjo á fi tiwọn kún un. Lórí mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́, tiwọn lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Bí owó bá ṣe ń ga ni ìdá náà ń dínkù. Owó ńlá tí ẹ ń rí nínú ìròyìn, tiwọn ti sábà wà nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sápò ẹni tó ni òkúta.

Ohun kan sì wà tí ìròyìn kì í dúró gbọ́: pípe owó yàtọ̀ sí sísan owó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, wọ́n ta òkúta kan tí wọ́n ń pè ní Pink Star ní Geneva ní mílíọ̀nù 83 dọ́là. Ayé pariwo. Ẹni tó pe owó náà kò rí i san, òkúta sì bọ́ sọ́wọ́ Sotheby's. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2017 kí ilé iṣẹ́ Chow Tai Fook tó rà á ní Hong Kong ní mílíọ̀nù 71.2 dọ́là. Títí di òní, kò tíì sí òkúta iyebíye kan tó pa tó bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo. Kárátì 59.60 ló wọ̀n.

Kárátì yìí máa ń da àwọn ènìyàn rú, nítorí pé ohun méjì ni wọ́n fi ń pè. Kárátì góòlù, bí góòlù ṣe mọ́ tó ló ń sọ: 24 ni ògidì, 18 túmọ̀ sí pé ìdá mẹ́rin ni wọ́n pín in, mẹ́ta jẹ́ góòlù, ọ̀kan jẹ́ irin mìíràn. Kárátì òkúta, ìwọ̀n ni. Kárátì márùn-ún ló ṣe gíráàmù kan. Tí a bá gbé Pink Star lé òṣùwọ̀n bàbá yẹn ní Ọjà Ọba, kò ní tó gíráàmù 12. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ pa nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là.

Kí ló wá fà á? Ohun tí èédú jẹ́ náà ni dáyámọ́ǹdì jẹ́, carbon ni wọ́n jọ jẹ́. Ilẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ooru sì sè é, ní ibi tó jìn ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa, fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ènìyàn kò lè fojú inú wò. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló wá tú u sókè. Èyí tí kò ní àwọ̀ pọ̀. Bí boron díẹ̀ kíún bá wọ inú rẹ̀, á di aláwọ̀ sánmà. Nitrogen ló ń sọ ọ́ di yẹ́lò. Ti aláwọ̀ osùn ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé kò sí ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀. Lílọ́ àti ìfúnpọ̀ tí ojú rẹ̀ rí nínú ilẹ̀ ló yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irú rẹ̀ tó wà lọ́jà ló ti ibì kan ṣoṣo wá, ìyẹn Argyle ní Australia. Wọ́n ti ibẹ̀ pa ní oṣù kọkànlá ọdún 2020.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan kọ́. Ìwé ni. Ilé iṣẹ́ GIA ní Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ń gbé òkúta lọ, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á wo inú rẹ̀ bóyá àléébù wà níbẹ̀, wọ́n á sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òkúta tí kò ní ìwé dà bí ilẹ̀ tí kò ní ìwé. Ó lè jẹ́ tìrẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó gidi lé e lórí? Lẹ́yìn ìwé, ìtàn. Péálì kan wà tí wọ́n ń pè ní La Peregrina, tó ti kọjá lọ́rùn àwọn ayaba Sípéènì. Òṣèré Richard Burton rà á fún ìyàwó rẹ̀, Elizabeth Taylor, ní 1969 ní 37,000 dọ́là. Nígbà tí Taylor kú, tí wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ sí gbàǹjo ní 2011, péálì náà, pẹ̀lú ẹ̀gbà ọrùn tó so mọ́, pa ju mílíọ̀nù 11 dọ́là lọ. Péálì náà kò tóbi sí i láàrin ọdún méjìlélógójì. Ọrùn tó ti wà ni wọ́n ń ra. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa, àwa tí a mọ̀ pé ìyùn tí ọba fi jẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyùn tí a rà lánàá, kódà bí ojú kò bá lè mọ ìyàtọ̀.

Bàbá alágbẹ̀dẹ kò ní ìwé lọ́wọ́ fún òkúta Àlàájà, kò sì mọ ìtàn rẹ̀. Ó tún mọ ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: òkúta funfun tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òrùka tí a ń rà, zirconia ni, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Àti pé lónìí, dáyámọ́ǹdì gidi pàápàá, wọ́n ń ṣe é nínú ilé ẹ̀rọ. Mo pè é ní gidi nítorí pé gidi ni. Carbon ni, ó le bí i ti inú ilẹ̀, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹ̀rọ ń hù ú jáde. Èyí ni ìdí tí owó dáyámọ́ǹdì kéékèèké, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe òrùka ìgbéyàwó, fi ń já wálẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. De Beers, ilé iṣẹ́ tó darí ọjà yìí fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, bọ́ sójú títà ní 2024, nígbà tí Anglo American tó ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ sọ pé àwọn fẹ́ yọwọ́.

Wọ́n máa ń sọ pé àrùn yìí kò lè mú àwọn òkúta aláwọ̀ tó ṣọ̀wọ́n. N kò gbà á tán. Òkúta aláwọ̀ sánmà kan tí wọ́n ń pè ní Mellon Blue pa mílíọ̀nù 32.6 dọ́là ní New York ní 2014. Ó tún padà sí gbàǹjo ní Geneva ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ó pa mílíọ̀nù 25 dọ́là ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé dáyámọ́ǹdì kì í jábọ̀, ẹ bi í léèrè nípa òkúta yẹn.

Ìyá náà kò ta òrùka rẹ̀. Nígbà tí bàbá ṣàlàyé tán, ó ní kí ó bá òun wo ẹsẹ̀ kan tó ti ń ṣí lára ibi tó di òkúta mú. Bàbá mú ẹ̀mú tó tín-ín-rín, ó fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó fi èékánná ti òkúta náà wò bóyá ó mì. Òkúta tí kò kà ni ó fara balẹ̀ tún ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí gan-an ni ibi tí òkúta ti ń jáde. Áfíríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Dáyámọ́ǹdì ọ̀ṣọ́ tó tóbi jù lọ tí ojú ènìyàn rí rí, Cullinan, kárátì 3,106, South Africa ni wọ́n ti wà á ní 1905. Ìjọba Transvaal rà á, wọ́n fi ta ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ, wọ́n gé e, àwọn tó tóbi jù lára rẹ̀ sì wà lára adé àti ọ̀pá àṣẹ wọn títí dòní. Williamson Pink Star, tó pa mílíọ̀nù 57.7 dọ́là ní Hong Kong ní 2022, ọ̀dọ̀ ibi ìwakùsà kan ní Tanzania ló ti jogún orúkọ Williamson. Golden Canary, òkúta yẹ́lò kárátì 303 tó pa mílíọ̀nù 12.4 dọ́là ní ọdún kan náà, ọmọdébìnrin kan ló rí i ní Mbuji-Mayi, ní Congo, nínú òkìtì pàǹtí tí àwọn awakùsà dànù, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ti Sierra Leone ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ pásítọ̀ kan, Emmanuel Momoh, wa òkúta kárátì 709 ní agbègbè Kono. Kono yìí ni wọ́n ti jà gidigidi nítorí dáyámọ́ǹdì nígbà ogun abẹ́lé wọn. Ọ̀nà àbùjá wà tí wọ́n fi ń gbé irú òkúta bẹ́ẹ̀ jáde lóru. Pásítọ̀ náà kò tọ̀ ọ́. Ó gbé e fún ìjọba pé kí wọ́n tà á ní gbangba, kí ará ìlú lè rí nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí gbàǹjo ní Freetown, ẹnì kan dá mílíọ̀nù 7.8 dọ́là, wọ́n ní kò tó. Wọ́n gbé e lọ sí New York ní oṣù kejìlá, Laurence Graff rà á ní mílíọ̀nù 6.5. Ohun tó lé ní ìdajì owó náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì ṣèlérí omi, iná àti ilé ẹ̀kọ́ fún abúlé tí òkúta ti jáde.

Ẹ wò ó: kárátì 709, mílíọ̀nù 6.5. Ti Josephine, kárátì 12, mílíọ̀nù 48.5. Òótọ́ ni pé àwọ̀ àti bí inú wọn ṣe mọ́ kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà. Òkúta tí wọn kò tíì gé, ẹni tó rà á kò mọ ohun tí yóò bá nínú rẹ̀, nítorí náà owó kékeré ni yóò san. Ti Josephine gan-an, kárátì 29.6 ló wọ̀n nígbà tó jáde nílẹ̀ South Africa ní 2014, mílíọ̀nù 25.6 dọ́là ni wọ́n tà á fún àwọn tó gé e. Kò pé ọdún méjì tó fi pa nǹkan bí ìlọ́po méjì ní Geneva. Ọwọ́ tó gé òkúta àti ọwọ́ tó kọ ìwé rẹ̀, òkè òkun ni wọ́n sábà máa ń wà, ibẹ̀ náà ni owó tó wúwo sì ń wọlé sí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Ní 1998, wọ́n rí òkúta pupa kan tí wọ́n ń pè ní tourmaline ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó dára débi pé àwọn oníṣòwò òkúta gbogbo àgbáyé mọ Nàìjíríà mọ́ ọn. Ibo ni wọ́n ti gé e? Kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́.

Àríyànjiyàn tó gbòde jù báyìí ni ti ẹni tó ni ohun tí wọ́n ń tà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Sotheby's fẹ́ ta àwọn òkúta iyebíye tí Gẹ̀ẹ́sì kan hú ní Piprahwa, ní Íńdíà, ní 1898, níbi tí wọ́n sin wọ́n sí pẹ̀lú egungun tí wọ́n gbà pé ti Búdà ni. Ìjọba Íńdíà fi òfin dí wọn lọ́wọ́, wọ́n dá ọjà náà dúró, nígbà tó sì di oṣù keje, àwọn òkúta náà ti padà sí Íńdíà. Nílé wa níhìn-ín, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó pàṣẹ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 pé kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ohun ọ̀ṣọ́ 2,149 tí àjọ EFCC sọ pé wọ́n rí nílé Diezani Alison-Madueke, tó fìgbà kan jẹ́ mínísítà epo rọ̀bì. Ẹ̀gbà ọwọ́ 419 àti òrùka 315 wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣírò gbogbo rẹ̀ sí 40 mílíọ̀nù dọ́là. Diezani ti ń sọ láti ìgbà náà pé òun kò jẹ̀bi ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan òun. Ohun tí èmi fẹ́ ni pé bí ìjọba bá ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀, kí ó tẹ ìwé tí ohun kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, kí ó pe owó ní gbangba, kí ó sì kéde ẹni tó rà á àti iye tó san. Gbàǹjo tí a ṣe ní kọ̀rọ̀ kì í ṣe gbàǹjo.

Mo ní láti padà wá sí ìlú mi. Kò sí dáyámọ́ǹdì nínú ọ̀rọ̀ tiwa, góòlù ni. Ní oṣù keje ọdún 2021, wọ́n da góòlù àkọ́kọ́ jáde ní Segilola, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ibi ìwakùsà góòlù ńlá àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa, sẹ̀gi ni ọlá. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi pe góòlù. Ní Igbó Olókun, n'Ílé-Ifẹ̀, àwọn baba wa ń yọ́ gíláàsì, wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ sánmà láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, bí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe fi hàn. Ìlànà tiwọn ni wọ́n lò, wọn kò kọ́ ọ lọ́wọ́ àlejò. Ẹni tó wa yanrìn níhìn-ín, ìlú rẹ̀ náà ló ti di ìlẹ̀kẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ilé iṣẹ́ ńlá tó dé, àti lẹ́yìn tó dé, àwọn mìíràn ti ń wa góòlù káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, púpọ̀ nínú wọn láìgba ìwé àṣẹ, wọ́n ń fọ erùpẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké. Odò Ọ̀ṣun ti Ìgèdè-Èkìtì wá, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Omi tó ń gba inú Igbó Ọ̀ṣun kọjá, igbó tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ti di pupa rẹ́súrẹ́sú fún ọdún púpọ̀ báyìí. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ọdún pé kí wọ́n má mu ún. Kò sí ilé gbàǹjo tó ń kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀. Góòlù tó gbé òkúta dúró nínú òrùka, wọ́n á kọ iye kárátì rẹ̀ síbẹ̀. Odò tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ kò ní sí níbẹ̀.

Idẹ ni Ọ̀ṣun ń lò, kì í ṣe góòlù. Lọ́dún tó kọjá, ní oṣù kẹjọ, mo dúró létí omi lọ́jọ́ ọdún. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun bẹ̀rẹ̀ láti bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀gbà idẹ mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti nù wọ́n dán gbinrin. Ó ki ọwọ́ bọ omi, omi náà dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, n kò sì rí idẹ náà mọ́.